Irúgbìn Inú Agolo Mílíìkì

Ẹni tó bá fẹ́ rí òdòdó yìí dáadáa gbọ́dọ̀ jí ṣáájú oòrùn. Ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò Kàdúná ti fẹ́ máa dẹwọ́, mo máa ń gbé àpótí ìjókòó lọ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Narayi ní nǹkan bí agogo márùn-ún ààbọ̀, kí n tó dáná ògì. Ìrudi rẹ̀ gùn tó ìka mi, ó ká mọ́ra bí agbòòrùn tí wọ́n pa dé, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí èèpo àlùbọ́sà. Ojú kò lè rí i bó ṣe ń tú. Ẹ ó wò ó títí, kò ní mira; ẹ ó bojú wẹ̀yìn díẹ̀, ẹ ó tún wò ó, ó ti là lẹ́nu. Kí ìmọ́lẹ̀ tó tó èyí tí èèyàn fi lè ka ìwé, ó ti ṣí pátápátá, ó fẹ̀ tó ẹnu ife tíì, pípọ́n ara rẹ̀ ti lọ, ó ti di búlúù. Láti ìgbà tí mo ti ń ta òwú, n kò tíì rí olówùú tó pa irú búlúù bẹ́ẹ̀ láró. Bó bá fi máa di agogo mọ́kànlá, etí rẹ̀ ti ń ká. Lọ́sàn-án, ó ti rọ. Èyí tí yóò ṣí lọ́la ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Morning glory ni wọ́n ń kọ sí ara páálí irúgbìn rẹ̀ nílùú òyìnbó. Ní àdúgbò wa, fure lásán ni wọ́n ń pè é, bí àwọn Haúsá ṣe ń pe gbogbo òdòdó. Èmi ń pè é ní òdòdó Hajiya, torí ọwọ́ Hajiya ni mo ti gbà á.

Tudun Wada là ń gbé nígbà náà, ní 1994. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Kàdúná, Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà ní Kakuri. Èmi ń ta òwú, síípù àti bọ́tìnnì ní ọjà ńlá tí wọ́n fi orúkọ Sheikh Abubakar Gumi pè, ibẹ̀ ni mo ṣì wà dòní. Ilé Hajiya kọjú sí tiwa. Ó fa okùn láti inú garawa ọ̀dà kan lọ sí irin fèrèsé rẹ̀, òdòdó búlúù yìí sì bo fèrèsé náà bí aṣọ ìkélé. Tí mo bá ń gbá ojúlé láàárọ̀, ńṣe ni mo máa ń dúró wò ó. Lọ́jọ́ kan ó pè mí, ó la àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ka wóró dúdú méjìlá sí i. Ó ní, "Ki shuka su yau," pé kí n gbìn wọ́n lónìí, kí n má ṣe jẹ́ kó dọ̀la. Wóró náà rí bí ẹ̀là ọsàn kékeré, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ rogodo, inú rẹ̀ ní igun. Mo rí àpá funfun bíńtín lẹ́yìn wóró kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé kòkòrò ti jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn kì í yẹ ẹnu ẹ̀bùn wò, mo dúpẹ́. Mo gbìn wọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, mọ́kànlá ti yọrí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, irúgbìn tèmi ni mo gbìn, èyí tí mo ká lórí ìtàkùn tèmi. Ó dára ju ti Hajiya lọ lójú mi, ó dúdú, ó ń dán, kò lápàá kankan. Mo gbin ogójì. Mẹ́ta ló hù. Ojú tì mí láti sọ fún un. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe lọ́dọọdún: màá da ogójì sílẹ̀ kí n lè rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó jáde, mo sì gbà pé ọwọ́ mi ni kò tutù.

Ní oṣù Kejì ọdún 2000, wàhálà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná. Ẹni tó wà níbẹ̀ kò nílò kí n rò ó fún òun. Hajiya ló kó èmi àtàwọn ọmọ mi pamọ́ sínú yàrá rẹ̀ fún òru méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn pààrọ̀ àdúgbò, onígbàgbọ́ ń kọjá sí gúúsù odò, Mùsùlùmí ń kọjá sí àríwá, àwa náà sì kó lọ sí Narayi. Nínú ẹrù díẹ̀ tí a rí kó, agolo mílíìkì kan wà tí mo fi ọ̀rá wé lẹ́nu. Irúgbìn òdòdó ló wà nínú rẹ̀. Ọkọ mi bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe nígbà tí a kò tíì rí orúlé. N kò rí èsì fún un.

Ìtàkùn yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Láti apá Mexico àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká ni baba ńlá rẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n ẹbí rẹ̀ kún inú oko wa. Ọ̀dùnkún tí à ń sè jẹ, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bí ọ̀dùnkún bá tanná, ẹ wo òdòdó rẹ̀ dáadáa, fèrè kan náà ni, elésè àlùkò tó ṣá, tí inú rẹ̀ dúdú díẹ̀. Àlùkẹrẹsẹ tí àwọn àgbà ń já nínú igbó, ẹbí kan náà ni. Gbọ̀rọ̀ ayaba tó ń fà nílẹ̀ létí omi, ẹbí kan náà ni òun náà. Àwọn Haúsá ń pe gbọ̀rọ̀ ayaba yìí ní duman kada, ìyẹn igbá ọ̀nì. Ọ̀rọ̀ ọ̀nì yìí náà, kada, ni wọ́n ní odò wa ti gba orúkọ, tí ìlú sì gbà á lára odò. Lẹ́yìn òjò, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí fadama tó wà létí odò Kàdúná, ẹ ó rí duman kada níbi tó ti nà gbalaja lórí iyanrìn pẹ̀lú òdòdó aláwọ̀ àlùkò. Ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ yín jẹ ẹ́ lájẹjù o, a máa gbọ̀n wọ́n bí ẹni tí ibà mú.

Àwọn ará Japan fẹ́ràn irú òdòdó yìí gan-an. Wọ́n ń pè é ní asagao, wọ́n sì ń ná ọjà rẹ̀ lọ́dọọdún ní àdúgbò Iriya ní Tokyo, láti ọjọ́ 6 sí ọjọ́ 8 oṣù Keje. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ sábà máa ń gba irúgbìn rẹ̀, kí ó gbìn ín sínú ìkòkò, kí ó máa bomi rin ín, kí ó sì máa kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ó wù mí kí olùkọ́ kan gbìyànjú rẹ̀ ní Kàdúná. Garawa, iyẹ̀pẹ̀ àti okùn nìkan ni yóò ná an.

Ọmọ mi tó wà ní Manchester ló tú àdììtú ogójì sí mẹ́ta yẹn, láìmọ̀. Ní 2006 ó fi páálí irúgbìn kan ránṣẹ́ sí mi, Heavenly Blue ni wọ́n kọ sí i, àwòrán òdòdó Hajiya gan-an ló sì wà níwájú rẹ̀. Mo ní kí ọmọbìnrin mi ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé èèpo irúgbìn yìí le, omi kì í lè wọ̀ ọ́, àfi kí èèyàn dá a lápàá kó tó rẹ ẹ́ sómi.

Ọgbọ́n irúgbìn náà ni. Bó bá jẹ́ pé gbogbo wóró tó bọ́ sílẹ̀ lọ́dún kan ló ń hù lọ́jọ́ kan náà, òjò ẹ̀tàn kan ṣoṣo tó rọ̀ tó sì dá lè pa gbogbo ìran rẹ̀ run. Nítorí náà ni ó ṣe wọ ẹ̀wù líle. Iyanrìn á ha á, oòrùn á yan án, òtútù á mú un, ẹ̀wù náà á máa sán díẹ̀díẹ̀. Òmíràn á hù lọ́dún yìí, òmíràn á dúró de ẹ̀ẹ̀míì. Ohun tí ó fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta ṣe nínú oko ni àwa fẹ́ kí ó ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń mú nélì-kọ́tà tí a fi ń gé èkánná, màá di wóró náà mú láàárín ìka méjì, màá sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ rogodo sókè. Níbi tó rí ṣóńṣó, tí àwọn igun inú rẹ̀ ti pàdé, ojú kékeré kan wà tó jọ ìdodo. Ibẹ̀ ni ọmọ inú rẹ̀ yóò gbà jáde, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti ṣá èèpo díẹ̀, kí ẹ sì dáwọ́ dúró bí ẹ bá ti rí funfun. Ẹni tí kò bá ní nélì-kọ́tà lè fi ha sáńpépà. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, èyí tí omi wọ̀ á ti wú tó ìlọ́po méjì, á rọ̀; èyí tó ṣì kéré tó sì le, ẹ tún un ṣá, ẹ dá a padà sómi. Kí ó má pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ nínú omi kó má bàa jẹrà. Ìdajì oríkèé ìka ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ iyẹ̀pẹ̀. Láti ọjọ́ kẹrin sí ọjọ́ keje, ẹ ó rí i tí yóò gbé orí jáde pẹ̀lú ewé méjì tó là láàárín bí ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀.

Ní ọdún yẹn, ogún ni mo gbìn nínú irúgbìn Manchester, méjìdínlógún hù. Inú mi dùn débi tí mo fi pe ọmọ mi lórí fóònù. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe àṣìṣe mìíràn. Páálí ní kí n gbìn ín ní oṣù Kẹta, oṣù Kẹta náà ni mo sì gbìn ín. Ẹ̀yin ará Kàdúná mọ bí oṣù Kẹta ṣe ń rí. Ọ̀sán á gbóná kọjá 37, ilẹ̀ á máa jó ẹsẹ̀, atẹ́gùn gbígbẹ á sì gba inú ewé kọjá. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, méjìdínlógún ti di òfo. Ẹni tó kọ páálí yẹn ń bá ará ilẹ̀ òtútù sọ̀rọ̀: nínú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì fèrèsé, ni wọ́n ti máa ń gbìn ín ní oṣù Kẹta, torí yìnyín òru lè pa á níta títí di oṣù Karùn-ún.

Kàlẹ́ńdà tiwa ni damina, àkókò òjò. Òjò Kàdúná sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù Kẹrin sí Karùn-ún, ó sì máa ń parí ní oṣù Kẹwàá. Mo máa ń dúró kí òjò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tẹ̀ léra, kí ilẹ̀ tutù wọnú, kí n tó gbin àkọ́kọ́, ní ìparí oṣù Karùn-ún tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà. Ìtàkùn wọ̀nyí á ga, wọ́n á kọjá orúlé, òdòdó wọn á sì pọ̀ láti oṣù Kẹjọ lọ. Màá tún gbin ìkejì ní ìparí oṣù Kẹjọ. Ìwọ̀nyí kì í ga, wọ́n á tètè tanná nígbà tí wọn kò tíì ju èjìká mi lọ. Ó yà mí lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Òru ni wọ́n ń kà. Irú àwọn ìtàkùn báyìí máa ń mọ̀ bí òru bá ti ń gùn, wọ́n á sì yára so kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Ní Kàdúná níbí, ọ̀sán tó gùn jù lọ́dún kò ju wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 45 lọ, tí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí èyí tó kúrú jù kò sì tó wákàtí kan ààbọ̀, síbẹ̀ ó tó fún wọn láti mọ̀. Ẹni tó ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní ju bàráńdà lọ, ti oṣù Kẹjọ yìí ni kó gbìn.

Ní ti ìkòkò, garawa ọ̀dà tó ti ṣófo ló dára jù fún mi. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ sì fi ìṣó gbígbóná lu ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ìdí rẹ̀. Ìkòkò amọ̀ rẹwà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń mu omi, bí ọyẹ́ bá dé, ẹ ó máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Garawa dúdú náà kò dára, ó ń gba ooru. Gbòǹgbò ìtàkùn yìí kì í fẹ́ kí wọ́n hú òun kúrò níbi tó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀; inú ibi tó máa gbé ni kí ẹ gbìn ín sí. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ tọ́ ọ lọ́tọ̀, inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni kí ẹ gbìn ín sí, kí ẹ fi abẹ la ọ̀rá náà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e, kí iyẹ̀pẹ̀ má tú. Wóró mẹ́ta ló tó garawa kan.

Iyẹ̀pẹ̀ pupa Kàdúná máa ń le bí búlọ́ọ̀kù bó bá gbẹ. Mo máa ń po ó: ilẹ̀ dúdú láti fadama ìdá méjì, yanrìn ìdá kan, ìgbẹ́ màálù tó ti jẹrà dáadáa ìdá kan. Ìgbẹ́ màálù, tí wọ́n ń pè ní taki níbí, kò wọ́n wa. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí lẹ́nu ẹni tó ti fara gbá a. Lọ́dún kan mo ní kí n ṣe ìtàkùn mi lóore, mo da ìgbẹ́ adìyẹ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ewé rẹ̀ fẹ̀ tó abẹ̀bẹ̀, ó dúdú minimini, ó gun orí orúlé dé ilé kejì. Títí oṣù Kẹwàá, òdòdó méje péré ni mo kà. Ìgbẹ́ adìyẹ kún fún náítírójìn, ewé ni náítírójìn ń kọ́. Ìtàkùn tí inú rẹ̀ dùn jù kì í ronú ọmọ bíbí. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti po taki mọ́ iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó tán, n kì í fi ohunkóhun kún un mọ́.

Okùn ni ibi tí iṣẹ́ mi ti bá ti òdòdó pàdé. Okùn tí wọ́n fi ń rán ẹnu àpò ìrẹsì ni mo ń lò. Ó rọ̀ díẹ̀, ó ní irun lára, ìtàkùn sì rí nǹkan dì mú. Lọ́dún tí a kọ́kọ́ dé Narayi, páìpù funfun ńlá tó ń gbé omi òjò wá láti òrùlé ni mo ní kí ó gùn. Ó gùn ún dé àyà mi, lóru ọjọ́ kan ó yọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó ká jọ sídìí bí ẹ̀wù tí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Páìpù náà tóbi jù, ó sì ń yọ̀. Ohun tí kò ju àtàǹpàkò lọ ló yẹ kí ẹ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń gùn, torí mo ti jókòó tì í wò ó. Ṣóńṣó orí ìtàkùn kì í dúró sójú kan. Ó ń yí po nínú afẹ́fẹ́, bí afọ́jú tó ń na ọwọ́ wá ògiri. Charles Darwin, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì nì, ti ka àkókò rẹ̀. Ó ń gbé inú yàrá gbígbóná tí kò lè jáde níbẹ̀ tọ̀sán tòru, ó gbé ìtàkùn hop, èyí tí wọ́n fi ń pọn bíà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ń kọ ìyípo rẹ̀ sílẹ̀. Ó rí i pé nígbà tí ooru bá mú, nǹkan bíi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 8 ló fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan. Ní 1865 ló tẹ iṣẹ́ náà jáde. Mo fi aago ara ògiri wo tèmi, wákàtí méjì ó lé díẹ̀ náà ni. Bí orí rẹ̀ bá kan okùn, ẹ̀gbẹ́ kejì á máa dàgbà, á sì máa yí okùn náà ká.

Ọ̀nà tó ń gbà yí kò yí padà. Ẹ dúró síwájú rẹ̀, ẹ ó rí i pé láti ọwọ́ òsì yín ló ti ń gòkè lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Iṣu funfun àti ewùrà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lára ọ̀pá wọn. Ẹ̀sùrú kì í ṣe bẹ́ẹ̀, láti ọ̀tún lọ sí òsì ni tirẹ̀. Bàbá mi mọ èyí láti oko Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní ní òkùnkùn pàápàá, bí òun bá fọwọ́ pa ìtàkùn, òun á mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀sùrú. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ran òdòdó yín lọ́wọ́ láti mú okùn, ẹ yí i bó ṣe ń yí ara rẹ̀. Bí ẹ bá yí i lódì, á tú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Búlúù yìí nìkan kọ́ ló wà lẹ́yìnkùlé mi. Òdòdó kan wà tí wọ́n ń pè ní butterfly pea, ẹbí ẹ̀wà ni, pódi rẹ̀ pẹlẹbẹ. Linnaeus tó fún un lórúkọ ìwé ní 1753 fi erékùṣù Ternate ní Indonesia sọ ọ́. Ó ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun bí ẹ̀wà ṣe ń ṣe, ó sì ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀ ju morning glory lọ. Ní Malaysia, wọ́n máa ń fi òdòdó rẹ̀ se ìrẹsì kó lè di búlúù. Èmi máa ń sá a gbẹ, màá bu omi gbígbóná sí i bí ìgbà tí à ń se zobo, omi náà á di aró. Bí mo bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lójú àwọn ọmọ-ọmọ mi, á di elésè àlùkò lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á pariwo. Nǹkan tó jọ èyí ló ń ṣẹlẹ̀ lára òdòdó Hajiya ní ìdájí, tí pípọ́n fi ń di búlúù. Àwọn onímọ̀ ti wọn omi inú rẹ̀: nínú ìrudi, òṣùwọ̀n pH rẹ̀ jẹ́ 6.6, ó kan díẹ̀. Bó bá ṣí, ó ti gòkè dé 7.7, kíkan ti lọ. Òdòdó náà ló ń ṣe é fúnra rẹ̀, láìsí ọsàn.

Thunbergia wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọmọ ìlà-oòrùn Áfíríkà, aláwọ̀ ọsàn tí ojú rẹ̀ dúdú kirikiri láàárín. Òun ló dára jù fún apẹ̀rẹ̀ tí ẹ bá gbé kọ́, torí kì í ga púpọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pẹ́ kí ẹ tó dé láti ibi iṣẹ́, ẹ gbin moonflower. Funfun ni, ó tóbi tó àwo kékeré, ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣí, bí iná bá fi lọ nìkan ni ẹ ó mọ bó ṣe ń mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn. Oje ìtàkùn yìí ni àwọn ará Mexico àtijọ́ ń pò mọ́ oje igi rọ́bà ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí wọ́n tó fi ṣe bọ́ọ̀lù tó ń ta. Ẹni tí kò bá rí i, kó gbin igbá. Òdòdó igbá náà funfun, òun náà ń ṣí nírọ̀lẹ́, ìyá mi sì máa ń jẹ́ kó gun ògiri ilé ìdáná wa láìsí ẹni tó pè é ní òdòdó.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi irúgbìn morning glory ṣeré tàbí kó jẹ ẹ́. Ó ní oró tó ń mú èébì wá, tó sì ń da orí rú. Irúgbìn mìíràn tó tún burú jù ú lọ ni ti ojú ológbò, pupa tó ní ojú dúdú, tí àwọn Haúsá ń pè ní idon zakara, ojú àkùkọ. Ìtàkùn rẹ̀ ń hù fúnra rẹ̀ lára ọgbà, irúgbìn rẹ̀ sì wu ọmọdé. Wóró díẹ̀ tí wọ́n bá fi eyín fọ́ lè gbẹ̀mí. N kì í gbìn ín, bó bá sì hù, mo ń hú u.

Bí ọyẹ́ bá dé ní oṣù Kọkànlá, eruku á bo ewé, kòkòrò pupa tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí á sì máa ta okùn wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Mo máa ń wẹ ewé náà lábẹ́, màá sì fi omi dóńgóyárò tí mo po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ wọ́n ọn. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé àkókò ti ń lọ. Ohun tí mo ń wò nígbà náà ni èso òdòdó Hajiya. Ilé rẹ̀ rí rogodo, á pọ́n bíi páálí, ọrùn rẹ̀ á gbẹ. Bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á fọ́ kẹrẹ, wóró mẹ́rin á wà nínú rẹ̀ bó bá péye, méjì méjì nínú yàrá méjì. Ẹ má ká a ní tútù. Ti butterfly pea àti ti Thunbergia máa ń ta dànù fúnra wọn lọ́sàn-án gangan, ẹ fi aṣọ tín-ínrín dì wọ́n lẹ́nu kí wọ́n tó gbẹ tán. Ẹ sá irúgbìn náà lábẹ́ òjìji fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ ọdún sí i, ẹ dà á sínú agolo tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀. Tèmi kò tíì kúrò nínú agolo mílíìkì yẹn. Mo kàn pààrọ̀ ọ̀rá ẹnu rẹ̀ ni.

Ní 2019, obìnrin kan wá ra síípù ní ìsọ̀ mi. Ó wo ojú mi títí, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ kò gbé Tudun Wada rí?" Yorùbá tó sọ já gaara, nínú àgbàlá wa ló ti kọ́ ọ. Ọmọ Hajiya tó kéré jù ni. Ó ní Rigasa ni wọ́n ń gbé báyìí, ìyá àwọn ti rí ọ̀pọ̀ ọdún tó kún fún ìsinmi lẹ́yìn ìgbà tí a kó lọ, kó tó di pé Ọlọ́run pè é. A sunkún díẹ̀ lórí tábìlì òwú. Mo fa agolo jáde lábẹ́ rẹ̀, mo ní kó mú nínú irúgbìn ìyá rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí yóò ṣe ṣá wọn lẹ́yìn kí ó tó rẹ wọ́n, mo sì mú nélì-kọ́tà láti fi hàn án.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọmọdé ilé ni ìyá àwọn máa ń rán níṣẹ́ náà. Ìyá á ka irúgbìn lé orí ọlọ, àwọn á máa fi ẹ̀yìn wọn ha á títí funfun á fi yọ, òun á sì sọ fún ẹni tó bá fún pé lónìí ni kí ó gbìn ín, torí èyí tí wọ́n ti ha kò ṣe é tọ́jú.

Mo bu ogún fún un nínú bébà. Kò gba nélì-kọ́tà tí mo nà sí i. Ó ní ọlọ ìyá òun ṣì wà nílé.